Ọmọ mi fọwọ́ kan òjíjí, látìgbà náà ìbéèrè ò jẹ́ kí n gbádùn

Ìyá Ẹlẹ́ja Olúwo

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Ẹja ni mò ń tà lọ́jà Olúwo níbí ní Ẹ̀pẹ́, ó ti lé ní ọdún mọ́kànlá. Àrọ̀, òbòkún, epíya, ede, ohun tí ọkọ̀ bá gbé wá láàárọ̀ ni mò ń rà. Ọmọ mi kẹta, ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, pírámárì 4 ló wà. Ní gbogbo Sátidé, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń wà ní ìsọ̀, á máa bá mi bu omi sí ẹja, á máa lé eṣinṣin.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, oníbàárà mi kan tó ń pẹja gbé ẹja wá, òjíjí méjì sì wà nínú ẹ̀. Kò sí bí mi ò ṣe ní dá òjíjí mọ̀. Ó sanra rọ̀bọ̀tọ̀ bí apá ọmọ tuntun, àwọ̀ ẹ̀ dà bí eérú, àmì dúdú wà káàkiri ara ẹ̀, ètè ẹ̀ nípọn, irùngbọ̀n ẹ̀ sì jẹ́ mẹ́fà. Mo yà wọ́n sọ́tọ̀ sínú bàsíà dúdú, mo sì kígbe pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọwọ́ bọ ibẹ̀ o. Mo kọjú sí oníbàárà kan tí mò ń fún ní ṣéńjì. Kí n tó ka owó náà tán, mo gbọ́ "Yéè!" Nígbà tí màá fi yíjú, ọmọ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi ẹja, ó di ìgúnpá ẹ̀ mú, ojú ẹ̀ ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Iná òjíjí ti gbé e!

Àyà mi já. Aládùúgbò mi ní ìsọ̀ ti gbé epo pupa dé, ó ní kó mu ún. Mo ní ṣé májèlé ló jẹ ni? Àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òjíjí ti kí i káàbọ̀ sọ́jà. Nígbà tó fẹ́ẹ̀ tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ara ọmọ ti wálẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé: "Màmi, ta ló fi iná sínú ẹja?"

Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹja náà lè pa iná ẹ̀ kó tún tàn án? Iná òun fúnra ẹ̀, kí ló dé tí kì í gbé e? Tí a bá so gílóòbù mọ́ ọn ńkọ́? Ṣé àrọ̀ náà ní iná, ó kàn ń fi pa mọ́ ni? Tí mo bá ń dín ẹja, á dúró tì mí. Tí mo bá ń kírun, á ti jókòó dè mí. JSS 3 ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ láti wá gba ìsọ̀ lọ́wọ́ ìyá mi, ẹ̀yin ará, níbo ni kí n ti rí ìdáhùn? Bàbá ẹ̀, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ní Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀. Èmi náà mọ̀ pé Ọlọ́run ló dá a. Ọmọ ń béèrè bó ṣe dá a ni.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé yìí gan-an rèé. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè ó gbé ìbéèrè náà lọ bá tíṣà ẹ̀ ní kíláàsì. Tíṣà ní kò sí nínú ìwé, pé ẹ̀mí àìrí ló ń gbé inú òjíjí, kó jókòó kó yé da kíláàsì rú. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní "Òjíjí". Ó délé, kò béèrè nǹkankan. Lọ́jọ́ kejì, kò béèrè. Lọ́jọ́ kẹta, ó bá mi lé eṣinṣin títí ilẹ̀ fi ṣú, kò la ẹnu. Èmi tí mo ti ń gbàdúrà pé kó dákẹ́, nígbà tó wá dákẹ́ tán, oorun ò kùn mí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú ẹja yìí? Kí sì ni èèyàn máa ń sọ fọ́mọ tó bá béèrè ohun tí òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀?

Alága Pópó

Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú, a dúpẹ́ pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tèmi ni pé kí ẹ má da ara yín láàmú. Kí àwọn òyìnbó tó dé la ti mọ̀ pé òjíjí ní agbára. Bàbá ìyá mi kì í fi í ṣeré tó bá ń ṣe àgúnmu. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ́ ìṣirò ẹ̀, kó kọ́ kéwú ẹ̀ dáadáa. Ká tiẹ̀ mọ ohun tó wà nínú òjíjí látorí dé ìrù, ṣé ìyẹn máa mú kí owó ẹja wálẹ̀ ni?

Tíṣà Físíìsì

Alága, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀, màá padà wá bẹ̀ yín.

Ìyá wa, ẹ kú àmójútó ọmọ. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama, ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún, ọ̀nà Ìkòròdú níbí ni mo wà. Mo fẹ́ kí ẹ ka ohun tí mo kọ yìí sí ọmọ náà létí.

Iná gidi ló wà nínú òjíjí. Irú èyí tó ń tan gílóòbù náà ni. Tí ẹ bá tún fẹ́ la òmíràn, ẹ rọra wo abẹ́ awọ ẹ̀: ẹ ó rí nǹkan kan tó rọ̀ mùlọ̀mùlọ̀ bí ọ̀rá, tó wé mọ́ ọn látẹ̀yìn orí títí dé ìdí ìrù bí ìgbà téèyàn wọ kóòtù. Ilé iṣẹ́ iná ẹ̀ nìyẹn. Ẹran ara ẹ̀ ló yí padà di bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀ kún fún sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tí wọ́n tò tira wọn. Iná tó wà lọ́wọ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Ó kéré débi pé kò lè ṣe eṣinṣin ní nǹkankan. Ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, gbogbo wọn sì máa ń ju tiwọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òjíjí tó bá dàgbà dáadáa lè ju iná tó tó 350 fóltì (fóltì la fi ń wọn bí iná ṣe le tó). Èyí tó wà lára ògiri ilé wa, lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú un wá, 220 sí 240 ni.

Ẹ ó wá béèrè pé kí ló dé tí kò pa ọmọ yín. Ìjù kọ̀ọ̀kan kì í pẹ́ rárá, nǹkan bí ìdá kan tàbí méjì nínú 1000 ìṣẹ́jú-àáyá ni. Kí ara tó mọ̀ pé ó dé, ó ti lọ.

Ṣé ó lè pa á kó tún tàn án? Bẹ́ẹ̀ ni o! Òun ló ni súìṣì. Sẹ́ẹ̀lì iṣan méjì péré, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀, ló ń pàṣẹ fún gbogbo ẹgbẹẹgbẹ̀rún yẹn. Ó ń fi iná náà mú ẹja kékeré jẹ, ó sì ń fi lé ẹni tó bá fẹ́ jẹ òun náà. Àrọ̀ ò ní irú ẹ̀, ẹ sọ fún un kó fọkàn balẹ̀.

Èyí tó ní kí ló dé tí iná òjíjí kì í gbé òjíjí, ẹ fọwọ́ ra á lórí fún mi. Àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Bayreuth ní Jámánì béèrè ìbéèrè yẹn gan-an, ọdún 2021 ni wọ́n gbé èsì wọn jáde. Wọ́n fi iná tó le sínú omi tí òjíjí wà. Àwọn ẹja mìíràn tó wà níbẹ̀ dákú, òjíjí ń lúwẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà tó fi ń dáàbò bo ara ẹ̀ ṣì ń ṣe àwọn fúnra wọn ní kàyéfì. Ẹ ò rí i pé ọmọ pírámárì 4 ló jókòó sí Olúwo tó béèrè ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń béèrè, tí wọ́n wá ní kó jókòó!

Ẹ jẹ́ kí n tún fi kan kún un. Bátìrì tí gbogbo wa ń lò, Alessandro Volta, ọmọ Ítálì, ló kéde ẹ̀ lọ́dún 1800. Ó to síńkì àti fàdákà lérí ara wọn, ó ń fi ohun tó ti rẹ sínú omi iyọ̀ sáàárín wọn. Nínú lẹ́tà tó fi kéde ẹ̀, ẹja ló fi wé, ẹja òkun kan tó ń ju iná bíi ti òjíjí. Ara ẹja ni wọ́n ti wo àwòṣe bátìrì. Alága, ẹ ṣì ń béèrè bóyá ó wúlò?

Ẹ jẹ́ kó ṣe òjíjí tiẹ̀. Ẹ wá ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin, ìṣó páànù mẹ́rin tó ń dán (síńkì ni wọ́n fi bò wọ́n), wáyà bàbà tí ẹ ti bó, àti gílóòbù kékeré bíi ti tọ́ọ̀ṣì ìgbàlódé. Ẹ yí ọsàn náà mọ́lẹ̀ kí omi inú ẹ̀ lè jáde dáadáa. Ìṣó kan àti wáyà kan ló máa wọ ọsàn kọ̀ọ̀kan, wọn ò gbọdọ̀ fara kanra nínú. Wáyà ọsàn kìíní ni kí ẹ so mọ́ ìṣó ọsàn kejì, wáyà ìkejì mọ́ ìṣó ìkẹta, bẹ́ẹ̀ títí. Ìṣó tó ṣẹ́ kù lápá kan àti wáyà tó ṣẹ́ kù lápá kejì ló máa kan ẹsẹ̀ méjèèjì gílóòbù. Ọsàn kan ò ní fún yín ju nǹkan bíi 0.9 fóltì lọ. Ẹ má fi ọsàn náà se nǹkan lẹ́yìn ẹ̀ o, síńkì ti yọ́ sínú ẹ̀. Ẹ sì kìlọ̀ fún un gidigidi pé iná ara ògiri kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dán nǹkan wò lára ẹ̀ láé.

Ní ti ohun tí ẹ máa sọ tí ẹ ò bá mọ̀: ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀. Èmi náà ń sọ ọ́ ní kíláàsì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ pé "Mi ò mọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ wá a," àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mò ń ṣeré. Ní báyìí wọ́n ti ń bá mi wá a.

Ọmọ Apẹja

Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ náà sọ ti bàbá mi. Ìbàdàn ni mo ń gbé báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀bá ọ̀sà lápá Ejìnrìn ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ò sì wọ ilé ìwé rí.

Tí òjíjí bá kó sínú àwọ̀n, bàbá mi kì í sáré. Wọ́n á fi igi gbígbẹ gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n á ní kí ẹnikẹ́ni má fi àjẹ̀ tó tutù kàn án. Wọ́n á wá fi igi yẹn máa tọ́ ọ, wọ́n á tọ́ ọ, wọ́n á dúró, wọ́n á tún tọ́ ọ. Wọ́n ní ó yẹ kí èèyàn jẹ́ kó ná owó ọwọ́ ẹ̀ tán. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án fìrí, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Mo béèrè ìdí ẹ̀ nígbà kan. Wọ́n ní tí iná bá mú àtẹ́lẹwọ́, ìka á ká mọ́ ọn, o ò ní lè jù ú sílẹ̀ mọ́.

Ọdún tí mo dé poli ni olùkọ́ kan ń ṣàlàyé pé igi gbígbẹ kì í gbé iná, pé omi ń gbé e, pé ẹran ara máa ń sún kì tí iná bá kàn án, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ dán ohun tí a bá fura sí wò. Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì, mò ń rántí bàbá mi nínú ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà tí mo wà ní pírámárì pé ohun kan náà ni méjèèjì. Mo kórìíra sáyẹ́ǹsì títí mo fi jáde girama, nítorí lójú mi, nǹkan àwọn ará ibòmíràn ni.

Alága Pópó

Tíṣà, mo ti gbọ́. Ti ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn, òótọ́ ni, bàbá ìyá mi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọsàn wẹ́wẹ́ ti wọ́n o.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Ẹ kú ìjókòó, gbogbo ilé. Tíṣà pírámárì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ní Ìpàkodò, Ìkòròdú. Mi ò ní bú tíṣà ọmọ yẹn púpọ̀. Tí èèyàn bá ní ọmọ tó lé ní àádọ́ta nínú yàrá kan, tí ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sì jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì látòkèdélẹ̀, ẹ̀rù ìbéèrè máa ń bà á ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ̀mí àìrí yẹn, ibi ìsádi ni.

Ẹ tún wò ó, ọmọ yìí béèrè gbogbo ìbéèrè ẹ̀ ní Yorùbá, Tíṣà Físíìsì sì dá a lóhùn ní Yorùbá, kò sì sí ohun tó sọnù. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ pírámárì kan ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wà nílẹ̀ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, tó fi mọ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀! Ọdún tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá ṣàlàyé bí ìkùukùu ṣe ń di òjò. Ọ̀gá mi fi ìwé béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi, mo fèsì, mo sì ń bá a lọ.

Ìyá wa, ẹ lọ rí tíṣà náà. Ẹ mú òjíjí dání, nínú bàsíà.

Ìyá Ẹlẹ́ja Olúwo

Mo padà dé o! Ẹ má bínú, ọjà ló gbà mí lọ́wọ́.

Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí i létí lálẹ́ Ọjọ́rú. Nígbà tí mo dé ibi tí àwọn ará Jámánì ti béèrè ìbéèrè tiẹ̀, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní ṣé wọ́n mọ̀ pé òun náà béèrè? Mo ní mi ò mọ̀. (Tíṣà, ẹ rí i, mo ti ń lò ó.)

Lọ́jọ́ Jímọ̀ a kó nǹkan jọ. Bàbá ẹ̀ kọ́kọ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ọsàn ò lè tan iná, pé ọdún wo ni igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa gbé iná. Ṣùgbọ́n òun ló ni ìṣó, nítorí náà ó ní láti dìde. Nígbà tó rí bí mo ṣe ń fi eyín bó wáyà, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ọ̀bẹ ẹ̀ bó o.

A tú gílóòbù kan lára tọ́ọ̀ṣì tó ti bàjẹ́. A so gbogbo ẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Kò tàn. A yí i padà. Kò tàn. Ojú tì mí, nítorí mo ti pe àwọn ọmọ ilé kejì wá wòran. Bàbá ẹ̀ ní òun ò sọ ọ́? Ọmọ ò sọ nǹkankan, ó kàn ń fọwọ́ tẹ ìṣó wọlé díẹ̀díẹ̀. Mo fi àwòrán ránṣẹ́ sí Tíṣà ní kọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni pé àwọ̀ wo ni gílóòbù náà ń tàn nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Mo ní funfun. Wọ́n ní áà, àwọn ni kò sọ ọ́ yé wa: funfun ń fẹ́ nǹkan bíi 3 fóltì, ọsàn mẹ́rin ò lè dá a gbé tí ó bá ti ń ṣiṣẹ́. Pupa ń fẹ́ bíi 2. Kí a wá pupa.

Ta ló wá pupa? Bàbá ẹ̀ ni. Ó fọ́ ṣájà àtijọ́ kan, ó yọ èyí tó máa ń tàn pupa níwájú ẹ̀. Ẹsẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ. A so ó lódì lákọ̀ọ́kọ́, a yí i. Ọmọ ní òun rí nǹkan, èmi ò rí nǹkankan, oòrùn ti pọ̀ jù nínú ilé. Ló bá fa ìró ankárá mi látorí okùn, ó fi bo ọsàn àti orí ara ẹ̀. Ó pariwo. Mo ki orí bọ abẹ́ ìró. Bàbá ẹ̀ ki orí bọ̀ ọ́. Àwa mẹ́ta wà lábẹ́ ìró kan pẹ̀lú òórùn ọsàn, ó sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, pupa tín-ín bí ojú eku nínú òkùnkùn. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ọmọ ilé kejì ń fa ìró náà, wọ́n ní ó kan àwọn.

Ìbéèrè ti padà sílé wa, ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ tún bá mi kẹ́dùn. Ó ní tí iyọ̀ inú ọ̀sà bá pọ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣé iná òjíjí á le sí i? Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní tí a bá lo àgbálùmọ̀ ńkọ́? Mo ní ká dúró dìgbà tó bá so.

Ti ilé ìwé, mo máa lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ti sọ fún apẹja mi kó bá mi ya òjíjí kékeré kan sọ́tọ̀. Olùkọ́, ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni màá fi gbé e, mo ti rà á. Alága, tí ẹ bá fẹ́ èyí tó ṣẹ́ kù fún àgúnmu, ẹ tètè sọ.

Lálẹ́ àná mo bá a níbi tó ti ń ṣe ìṣirò lẹ́yìn ìwé ẹ̀. Ó fi 0.9 pín 350. Ó ní òjíjí kan ṣoṣo tó gbé òun ṣubú lọ́jà tó nǹkan bí ọsàn wẹ́wẹ́ 389. Mo ní ẹni tó bá máa ra ọsàn 389 ní Ẹ̀pẹ́ yìí, kì í ṣe èmi. Mo yíjú sí bàbá ẹ̀ kó bá mi dá sí i. Ó ti gbé àpótí ẹ̀ sílẹ̀, ó ń ka ìṣó.